Fúlúù Tuntun Wọ Àdúgbò

Ìyá Dúpẹ́, ìbéèrè yín tọ́. Ẹ ní ẹ̀yin náà ti ṣe fúlúù rí, ẹ mu àgbo, ẹ sùn, ara yín sì yá. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń pariwo lórí tuntun yìí?

Èyí tí a ti ṣe rí, ara wa mọ bí yóò ṣe gbógun tì í bó bá padà wá. Ṣùgbọ́n kòkòrò fúlúù kì í dúró lójú kan. Ti ẹyẹ, ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti èèyàn lè pàdé lára ẹranko kan, kí wọ́n lú mọ́ra wọn, kí irú tí ara wa kò bá pàdé rí sì jáde níbẹ̀. Irú rẹ̀ ló bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Oṣù Kẹrin ni wọ́n kẹ́fín rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ẹni tó ní in lè kó o ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ kan kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn: oṣù Kẹsàn-án 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé fúlúù wọ Èkó. Bí èèyàn ṣe ń kú, àwọn mìíràn sá gba ìgbèríko lọ, àrùn náà sì ń bá wọn dé ibi tí wọ́n bá sá lọ. Wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ikú ni. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ bá Màmá ní abúlé, ẹ má lọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára irú tuntun máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó délẹ̀. Bó bá dé, ẹ gbà á. Kó tó dé, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú yàrá àti nínú dáńfó, nítorí èémí ló ń gbé e kiri. Ìbòmú gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu.

Ọwọ́ tó ka owó lọ́jà náà la fi ń nu ojú. Ọ̀rá ló bo kòkòrò fúlúù lára, ọṣẹ ló sì ń tú ọ̀rá náà. Omi nìkan kò tó. Ẹ fọ àárín ìka, ẹ̀yìn àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná, kó tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Abọ́ omi tí wọ́n ń gbé yípo níbi ìnáwó, tí gbogbo àlejò ń ki ọwọ́ bọ̀, ẹ jẹ́ ká pa á tì ná. Kí ọmọ kan máa fi ife da omi sí wa lọ́wọ́.

Bó bá ti mú ẹnìkan, kó dá sùn bó bá ṣeé ṣe, kó mu omi dáadáa, kó sinmi. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín. Kápúsù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún gbogbo àìsàn kò lè pa kòkòrò yìí. Ẹ má sì sọ pé màlérìà ni láìṣe àyẹ̀wò. Aboyún, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, arúgbó, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n tètè rí dókítà, torí láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni oògùn fúlúù ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹnikẹ́ni tí mímí bá ń ni lára, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Àmì kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ: ara á kọ́kọ́ yá, ibà àti ikọ́ á wá padà, wọ́n á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Otútù àyà lè ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, òun ló sì pa ọ̀pọ̀ àwọn tí fúlúù 1918 mú.

Bí ara bá sì yá, kó lo ọjọ́ kan gbáko láìní ibà, láìlo oògùn ibà, kó tó jáde. Bó bá jẹ́ Dúpẹ́ ló mú, tó ń kánjú àtipadà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá a dúró, kí ẹ ránṣẹ́ pè mí. Màá bá a jókòó ti ọjà.