Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbéra láti Lomé lọ sí Paris

Lọ́dọọdún, bí Oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Lomé, ní Atakpamé àti ní àwọn ìlú wa yòókù a máa jókòó ti kọ̀ǹpútà láti wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ Faransé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń ta ilẹ̀, tí wọ́n sì ń kó èsúsú jọ, kí ọmọ kan ṣoṣo lè lọ. Bí ọmọ náà bá dé ọ̀hún láìmọ ohun tó ń dúró dè é, gbogbo ilé ni yóò pín nínú ìyà rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo àpò wa kí a tó dárúkọ Paris.

Ojú ewé Études en France, tí Campus France ń bójú tó, ni ọ̀nà tó tọ́ láti Tógò. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ilé-ìwé, tí ó ti ń kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí, kí a tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò sí alágbàṣe kankan tí a fún láṣẹ láti ta àyè ilé-ìwé tàbí físà. Ẹni tó bá ní òun lè tà á, jìbìtì ló fẹ́ lù yín.

Owó ló kàn. Fún físà, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi hàn pé òun ní yúrò 615 lóṣù, ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí fàráǹkì CFA 403 000. Lọ́dún, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iye yìí tó gbọ́ bùkátà ní Paris, nítorí yàrá kékeré kan lọ́wọ́ onílé aládàáni lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ.

Owó ilé-ìwé náà ti yí padà. Kí ó tó di 2019, iye kan náà ni ọmọ Tógò àti ọmọ Faransé ń san ní yunifásítì ìjọba: yúrò 170 lọ́dún fún licence, 243 fún master. Ní 2019, ìjọba Faransé sọ ọ́ di 2 770 àti 3 770 fún àwọn tó wá láti òde Yúróòpù, ó sì ti ń gòkè láti ìgbà náà. Àwọn yunifásítì kan ṣì ń yọ àlejò kúrò nínú àfikún yìí. Abèèrè kì í ṣìnà: ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba èsì tó wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó yàn.

Ní ti ibùgbé, ẹ tètè béèrè yàrá lọ́wọ́ Crous. Àwọn tó ti dé ipele master lè kọ̀wé sí Cité internationale, tí a dá sílẹ̀ ní 1925. Onílé a máa béèrè onídùúró tó ń gbé ní Faransé. Ètò Visale, tí kò gba kọ́bọ̀, lè ṣe onídùúró fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn ilé.

Láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bá dé, ẹ gbọ́dọ̀ fìdí físà yín múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbàgbé ti di ẹni tí kò ní ìwé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú fún ètò ìlera ìjọba, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 964 lọ́dún, bíi méjìdínlógún lọ́sẹ̀. Owó ọ̀hún lè ti ènìyàn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dúró. Ẹni tó bá ń fi gbogbo òru ṣiṣẹ́ yóò máa sùn nínú kíláàsì.

Ẹ̀wù òtútù àlòkù tó dára wà ní ọjà Hédzranawoé. Ẹ rà á kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe di ẹran tàbí wàràkàṣì sínú ẹrù, nítorí òfin Yúróòpù kọ̀ ọ́. Gààrí, iṣu àti ata wà ní Château Rouge. Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, òkùnkùn yìí a sì máa mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ má ṣe dá nìkan wà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe retí owó lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè, irọ́ ni yóò kọ́ láti máa pa fún yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún ilé, kí ẹ sì tọ òṣìṣẹ́ Crous tó ń gbọ́ ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹni tó bá sọ ìṣòro rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ṣì lè rí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ títí di Oṣù Kẹfà, èsì ìdánwò ni yóò bá a sọ ọ́.