Ọ̀wọ́n Gógó, Owó-Oṣù àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Báńkì Àpapọ̀

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ètò ọrọ̀-ajé. Ṣùgbọ́n mo gbà láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀wọ́n gógó nítorí pé, nínú ọ̀nà tí báńkì àpapọ̀ ń gbà kojú rẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣe kò kéré.

Ọ̀wọ́n gógó tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí owó-oṣù àti iye ọjà ń lé ara wọn kiri. Ọjà wọ́n, òṣìṣẹ́ béèrè àfikún. Agbanisíṣẹ́ san án, ó sì bù ú lé iye ọjà. Àwọn àgbà tí ó mọ ọdún 1975 ní Nàìjíríà kò lè gbàgbé owó Údójì. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ nílùú; ìjọba fi kún owó-oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni náà béèrè tiwọn, ọ̀wọ́n gógó sì kọjá ìdá 30 nínú 100.

Báńkì àpapọ̀ kò lè pàṣẹ iye tí a óò ta gàrí. Èlé orí ẹ̀yáwó ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí èlé bá gòkè, owó yíyá yóò nira, ìnáwó yóò dínkù, oníṣòwò kò ní lè fi owó kún ọjà bí ó ti wù ú, agbanisíṣẹ́ yóò sì lọ́ra láti fi kún owó-oṣù.

Amẹ́ríkà ni a ti rí èyí kedere. Ní 1979, Paul Volcker di olórí báńkì àpapọ̀ wọn. Ní 1981, èlé tí àwọn báńkì fi ń yá ara wọn lówó sún mọ́ ìdá 20 nínú 100. Ọ̀wọ́n gógó tí ó jẹ́ 13.5 ní 1980 rọ̀ sí 3.2 ní 1983. Ṣùgbọ́n ní ìparí 1982, ìdá 10.8 nínú 100 àwọn tí ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́. Àwọn tí ń kọ́ ilé tà kọ ẹ̀hónú wọn sára pákó tí wọn kò rí fi kọ́lé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Volcker.

Kí ni ó mú kí ìyà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ báńkì náà kò níyì mọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ó ti gbé èlé sókè rí. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, ó tún rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ń ka ọ̀wọ́n gógó ọdún tí ń bọ̀ mọ́ iye tí wọ́n ń béèrè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Báńkì tí a gbà gbọ́ lè fi èlé díẹ̀ tu ọjà lójú. Èyí tí a kò gbà gbọ́ yóò fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ra ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Láàárín 2022 sí 2024, báńkì àpapọ̀ tiwa náà gbé èlé láti 11.5 dé 27.5. Kí a tó yìn ín tàbí kí a tó bú u, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rí létí ará ọjà.