Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ pín sí oríṣiríṣi: ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ní Fájuyì níbí, bí obìnrin bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí màmá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró bá tún rí ẹ̀jẹ̀, "infẹ́ṣọ̀n ni" ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Agbo á tẹ̀lé e, oògùn kẹ́míìsì á tẹ̀lé agbo. Ó lè jẹ́ infẹ́ṣọ̀n lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé, kódà tí wọ́n bá ti pè é ní jẹjẹrẹ, a kì í béèrè irú èyí tó jẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ lára awọ tó bo ìta ẹnu ilé ọmọ. Adenocarcinoma máa ń bẹ̀rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè omi yíyọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n ń pè ní small cell ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ kíá ló máa ń ràn dé ibòmíràn nínú ara.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ní 1951, ilé ìwòsàn Johns Hopkins sọ pé irú tó wọ́pọ̀ ló ní. Ó kú lóṣù kẹwàá ọdún náà, ẹni ọdún 31. Ó tó nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn dókítà tó tún ègé ara rẹ̀ yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé adenocarcinoma ni. Wọ́n ní ìtọ́jú ayé ìgbà yẹn ò bá má yàtọ̀. Tòde òní lè yàtọ̀ o! Small cell, bí àpẹẹrẹ, nílò àyẹ̀wò gbogbo ara àti oògùn kẹ́mò bíi cisplatin àti etoposide, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú rẹ̀ tó máa ń mú ẹ̀dọ̀fóró.

Fínígà tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣàyẹ̀wò dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ìta ló ń fi hàn. Èyí tó fara pa mọ́ sínú lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá, ẹ padà lọ. Ẹ ní kí wọ́n gé ègé kékeré lọ yẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù. Inú ìda ni wọ́n máa ń tọ́jú ègé yẹn sí, ó ṣeé gbé fún dókítà mìíràn. Ẹ gba ẹ̀dà èsì náà, ẹ má sọ ọ́ nù.

L'Adó, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti EKSUTH. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìtọ́jú onítànṣán, UCH n'Íbàdàn àti NSIA-LUTH l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 2019, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ nìkan á dun ìdílé. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ká tètè mọ̀.

Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú àbúrò yín lọ gbà á. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn adenocarcinoma kan wà tí kì í ṣe HPV ló fà wọ́n. Abẹ́rẹ́ ò ní ká fojú fo ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó wá.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Bí ìyàwó tàbí màmá yín bá sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní alágbèrè. Ẹ bá a lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì bá a béèrè lọ́wọ́ dókítà: irú wo ni?