Ọmọ Tí Ń Jà Níléèwé, Tí Kì Í Fọhùn Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà tàbí ti ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni, ṣùgbọ́n tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà.

Obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 6, wá bá mi ní dìsípẹ́nsárì. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sórí ẹní, bẹ́ẹ̀ ó ti fi í sílẹ̀ láti ọmọ ọdún 3." Mo tẹ ikùn rẹ̀ wò, mo fún un ní oògùn aràn, mo sì ní kí wọ́n dín omi alẹ́ rẹ̀ kù. N kò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, n kò sì béèrè ohunkóhun nípa iléèwé. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ogún ọdún ó lé! Ọmọ tó bá ti ṣíwọ́ ìtọ̀ orí ẹní tó tún wá bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá ṣúgà tàbí kòkòrò wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà ni, fífi omi dù ú lè ṣe é ní jàǹbá.

Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà wọ́n tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú pàṣán wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ó ti bu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lápá, olùkọ́ nà án; nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ gbọ́, òun náà tún nà án. Mo yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí a sọ ni a sábà máa ń pè ní alágídí. Etí náà dára. Ìyá ní, "Nílé, ẹ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Tíṣà yẹn ni kò fẹ́ràn rẹ̀." Aládùúgbò kan sì ti sọ fún un pé emèrè ni ọmọ náà.

Mo bá a lọ sí iléèwé. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ọmọ tó lé ní 50 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mà, ilé ni wọn kò ti kọ́ ọ." Bí wọ́n ti ń ti ẹ̀bi síra wọn nìyẹn, tí ọmọ ń jẹ pàṣán níhà méjèèjì. Mo ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Mo bi olùkọ́ pé, ìgbà wo gan-an ni ó máa ń jà? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ọ̀sán ni, Mà. Bí agogo bá ti lù pé kí wọ́n máa lọ sílé."

Ni ìyá ọmọ bá bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ló máa ń wá mú ọmọ náà níléèwé lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló sì ń sùn. Màmá ti kú láti nǹkan bí oṣù 2. Wọ́n sọ fún ọmọ pé wọ́n lọ sí oko. Ọmọ wá ń retí wọn lẹ́nu géètì, àwọn ìyá àgbà ọmọ ẹlòmíràn ń dé, tirẹ̀ kò dé.

Olùkọ́ mọ ìgbà tí ó ń jà, kò mọ ìdí. Ìyá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò mọ ìgbà.

Ohun tí a fẹnu kò sí kò ju owó ìwé kékeré kan lọ. Ìyá sọ òótọ́ fún ọmọ pé Màmá kú, pé wọn kò ní padà, pé kì í ṣe òun ló fà á. (Ọmọdé a máa rò bẹ́ẹ̀.) Bí agogo bá lù, olùkọ́ a ní kí ó bá òun kó ṣọ́ọ̀kì jọ, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi dé, ẹni kan náà lójoojúmọ́. Olùkọ́ ń kọ ohun rere kan àti ohun líle kan sínú ìwé náà. Ìyá ń kọ bí ọmọ ti sùn sí. Ohun rere ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, nítorí ìwé tó kún fún ẹ̀sùn nìkan yóò di pàṣán mìíràn. Ohun tí olùkọ́ bá sì ti bá a wí lé lórí, kí wọ́n má tún bá a wí nítorí rẹ̀ nílé. Mo ní kí pàṣán dópin níhà méjèèjì. Ìyá kọ̀, ó ní, "Ṣé kí ọmọ bà jẹ́ ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan péré.

Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa nípa Dókítà Adéoyè Lámbò àti ìtọ́jú tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Aró, l'Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé ní abúlé tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn, ẹbí a sì bá wọn gbé. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé lálẹ́. Bí àgbàlagbà bá nílò ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, ẹ wo ti ọmọ ọdún 6.

Kò dára lọ́jọ́ kan o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún bu ẹnìkan jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹní gbẹ fún òru 4 léraléra.

Àwọn ọmọ kan wà tí ìwé kékeré kò tó fún. Ọmọ tó ń ranjú sókè lójijì, tí kò dáhùn bí a pè é, lè ní wárápá. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí tó ní ikú yá ju ìyè lọ, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. UCH n'Ìbàdàn ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá sì ń sá fún ẹnìkan, ìbáà ṣe nílé tàbí níléèwé, ẹ má fi agbára fà á lọ bá onítọ̀hún. Ẹ bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́.

Nígbà tí sáà parí, ìyá mú ìwé náà wá hàn mí, ó ti kún. Ní ojú ewé kan olùkọ́ kọ ọ́ pé, "Ó kó ṣọ́ọ̀kì jọ dáadáa. Ó bi mí bóyá Màmá ń rí òun. Kí ni kí n sọ fún un?" Ìyá dáhùn nísàlẹ̀ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, màá bá a sọ ọ́ lálẹ́ yìí."