Ọmọ Ilé-Ìwé Nínú Ọkọ̀ Dáńfó

Ọ̀rọ̀ tí a óò gbé yẹ̀ wò ni ìrìn àwọn ọmọ wa ní Èkó. Báwo ni ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní ọkọ̀ ṣe ń dé ilé-ìwé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀lẹ ni ó ń mú ọmọ pẹ́. Bí a bá tú iṣẹ́ dáńfó palẹ̀, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkíní, dáńfó kì í tẹ̀lé aago. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ tí ń gbé Ìyànà-Ìpájà, tí ó ń kàwé ní Ìkẹjà. Bí ó bá lọ sí gáréèjì, ọkọ̀ kò ní gbéra àfi bí ó bá kún. Bí ó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, èyí tí ó ti kún ni yóò máa kọjá lójú rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáńfó kì í gba owó oṣù. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń ra epo, wọ́n sì ń sanwó fún àwọn agbèrò. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni tiwọn. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń bẹ̀bẹ̀ láti san ìdajì owó, kọ̀ńdọ́kítọ̀ lè fojú fò ó, kí ó sì gbé àgbàlagbà. Ìṣirò ọjà ni ó ń ṣe. Ẹ sì mọ igbe rẹ̀: “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Bí ṣéńjì kò bá sí, yóò so ọmọ pọ̀ mọ́ èrò mìíràn, kí àwọn méjèèjì jọ wá a kiri nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń wá a, agogo ilé-ìwé ti lù.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà ti le sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ìkẹjà sì wà nínú wọn. Ọ̀kadà léwu lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà lé ní 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì fò sókè.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí olùkọ́ tí ó mú pàṣán dúró lẹ́nu géètì kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Kí òbí ti ṣẹ́ owó ọkọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún un láti alẹ́. Kí ìjọba, tí ó gbé bọ́ọ̀sì BRT jáde ní 2008, ya bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí a bá na ọmọ lónìí tí a kò wá nǹkan ṣe sí ọkọ̀ tí ó gbé e, yóò tún pẹ́ lọ́la.