Bí Akọ̀wé Inú Sáfà Ṣe Di Ẹni Tó Ń Ránni Níṣẹ́

Bàbá kan n'Íbàdàn, tí wọ́n tọ́jú sáfà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni mo lọ kí lọ́jọ́ Àìkú. A ń jẹun lọ́wọ́ ni fóònù ọmọ wọn ọkùnrin dún. Sáfà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ké sí i: ẹnì kan ń tẹ páswọ́ọ̀dù tí kò bá a mu, léraléra. Bàbá mi orí.

"Láyé tiwa, akọ̀wé ni syslog. Akọ̀wé kì í ránni níṣẹ́. Èèyàn ló máa ń lọ ka ohun tó bá kọ."

Eric Allman ló kọ syslog ní Berkeley, ní Kalifọ́níà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kí Sendmail tó ń pín lẹ́tà lè máa rí ibi kọ ìṣe rẹ̀ sí. Àwọn ètò yòókù sì bá a lò ó.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ kọ́ akọ̀wé yìí láti pe ètò mìíràn dìde? Ibẹ̀ ni bàbá àti ọmọ ti fà á, ọbẹ̀ sì tutù. Ọmọ ní rsyslog ni, èyí tí Rainer Gerhards bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2004. Bàbá ní irọ́ ni: lọ́dún 1993 ni Stephen Hansen àti Todd Atkins ti Stanford ti gbé Swatch jáde, tó ń ṣọ́ lọ́ọ̀gì, ìyẹn ìwé tí akọ̀wé ń kọ, tó bá sì rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó wá, á fi lẹ́tà ránṣẹ́ tàbí kó ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá yàn fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni ọmọ dáhùn, "ẹni tó ń yọjú wo ìwé akọ̀wé kì í ṣe akọ̀wé."

Bàbá wá mú àmì ìlà tó dúró ṣánṣán wá, ìyẹn "|". Lórí FreeBSD, bí ẹ bá kọ àmì yìí síwájú orúkọ ètò kan nínú syslog.conf, fáìlì ìtọ́ni akọ̀wé, syslogd, ìyẹn akọ̀wé fúnra rẹ̀, ló máa gbé ètò náà dìde, táá sì máa ka ọ̀rọ̀ sí i létí. Lórí Linux àtijọ́, àmì kan náà kò ju ọ̀pá omi lọ: akọ̀wé á da ọ̀rọ̀ sí i, bí kò bá sẹ́ni tó gbé garawa sí ìdí rẹ̀, ó parí. Bàbá mọ ẹnì kan tó kó ìlà yìí láti orí èkíní lọ sórí èkejì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń retí ìkìlọ̀ tí kò dé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ojú wọn kò rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé mìíràn tún wà: ní Họ́ńgárì, Balázs Scheidler bẹ̀rẹ̀ syslog-ng lọ́dún 1998. Ìlànà program() tiẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù: ẹ̀ẹ̀kan ló ń jí script, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà, táá sì dúró tì í, ọ̀rọ̀ tó bá dé á máa wọlé sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmì "^" ti rsyslog ń jí script tuntun fún ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì dúró dè é kó parí. Bí ẹgbẹ̀rún ìlà bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Omprog ti rsyslog, tó dé lẹ́yìn náà, ló tún un ṣe: script kan ṣoṣo, tó wà lójúfò.

Ohun tó ń kọ bàbá lóminú kò sí nínú àríyànjiyàn yẹn. Ojúbodè 514 tí syslog ń lò lórí UDP kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí script bá gba ọ̀rọ̀ àlejò, tó sì gbé e fún shell, tó ń mú àṣẹ ṣẹ, láìyẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ àlejò ti di àṣẹ nínú ilé nìyẹn.

Lójú tèmi, àwọn tó ń ka lọ́ọ̀gì ti ń dín kù láti ìgbà tí script ti ń kà á fún wọn. Ẹ̀yin tí sáfà wà níkàáwọ́ yín, bí script tilẹ̀ ń ṣọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fáìlì náà lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ kà á.