Ado olóró oníke: Báwo ni áńtẹ́nà rédà ṣe ń rí ohun tí ẹ̀rọ irin ò gbọ́?

Ogun abẹ́lé orílẹ̀-èdè Angola parí lọ́dún 2002, àmọ́ àwọn ado olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà náà ò gbọ́ pé ìjà ti tán. Ní ẹkùn Casamance ní Senegal, níbi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, ado olóró inú ilẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko. Ní ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn agbébọn fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n ń rì sójú ọ̀nà.

Ohun èlò tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wọn ni ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí irin. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò mọ ìyàtọ̀ láàrin ado olóró àti ìṣó, ìdérí ìgò tàbí ọta ìbọn àtijọ́. Gbogbo ibi tó bá ti dún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbẹ́.

Wàhálà tó tún ju ìyẹn lọ ni pé ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ado olóró. Ẹ wo M14 tí Amẹ́ríkà ṣe: kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5.6 lọ, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, irin tó wà lára rẹ̀ ò sì ju abẹ́rẹ́ kékeré kan lọ. Àmọ́ ó tó láti gé ẹsẹ̀ èèyàn.

Àwọn kan ti yanjú èyí lọ́nà tó máa ya ẹni tó ń jẹ òkété lẹ́nu. Ẹgbẹ́ APOPO ń kọ́ òkété ní Morogoro, lórílẹ̀-èdè Tanzania, láti máa gbóòórùn ẹ̀tù inú ado olóró. Òkété ò wúwo tó láti mú un bú gbàmù. Magawa, ọ̀kan lára wọn tó ṣiṣẹ́ ní Cambodia, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní tiwọn gba ọ̀nà rédà lọ.

Ọ̀rọ̀ agogo

Rédà ò wá irin. Ìgbì rédíò ló ń rán sínú ilẹ̀, tí ìgbì náà á sì padà níbikíbi tí ohun tó wà nílẹ̀ bá ti yí padà: láti iyẹ̀pẹ̀ sí òkúta, tàbí láti iyẹ̀pẹ̀ sí ike. Áńtẹ́nà tó ń gbà á padà ni gbogbo ìṣòro wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rédíò FM tí ẹ ń gbọ́ nílé dúró sójú kan ṣoṣo ni, àyè tó sì gbà kéré. Irú rédà yìí, tí wọ́n ń pè ní ultra-wideband, ń gba àyè rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ FCC ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2002 pé èyí tó bá gba MHz 500 ó kéré tán wà lára wọn. Bí àyè náà bá ṣe fẹ̀ tó ni ojú rédà ṣe ń mọ́ tó. Nínú ilẹ̀ tó tutù díẹ̀, MHz 500 lè ya ohun méjì tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra sọ́tọ̀. M14 ò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rí orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, àfi kí wọ́n lo bíi GHz 2, tó ń ya sẹ̀ǹtímítà 2.5 sọ́tọ̀.

Ibi tó le jù nìyí. Ojú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dá ìgbì padà, ìró rẹ̀ sì lágbára gan-an. Bí ado olóró bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìsàlẹ̀, ìró tirẹ̀ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn nǹkan bíi nanosẹ́kọ́ǹdù kan péré, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹni tó bá ti lu agogo rí mọ̀ pé ó ṣì máa ń hó lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti kúrò lára rẹ̀. Áńtẹ́nà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìró ojú ilẹ̀ bá mú un dún fún nanosẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta, ìró kékeré ti ado olóró á rì sínú ariwo náà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó kọjá. Onílù tó bá fẹ́ kí agogo dákẹ́ á fọwọ́ bò ó. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe náà nìyẹn: wọ́n ń fi rẹsísítọ̀ sétí áńtẹ́nà kí ó lè gbé iná tó bá ṣẹ́kù mì. Àmọ́ rẹsísítọ̀ náà ń jẹ lára ìró tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá fi púpọ̀ jù, áńtẹ́nà á dákẹ́ dáadáa, á sì tún di adití.

Labalábá àti ẹnu kàkàkí

Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi rẹsísítọ̀ sí dà bí labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì. Òmíràn ni Vivaldi, tí Peter Gibson ṣàlàyé lọ́dún 1979, tó sì fi sọrí olórin Antonio Vivaldi. Pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ bàbà sí ni. Àlàfo àárín bàbà náà bẹ̀rẹ̀ tóóró, ó wá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu kàkàkí. Ìgbì kéékèèké ń gba ibi tóóró wọlé, èyí tó gùn ń gba ẹnu tó fẹ̀. Ìdí nìyí tó fi lè gba oríṣìíríṣìí ìgbì láì dà wọ́n rú jù.

Ṣùgbọ́n ẹnu náà gbọ́dọ̀ tó ìlàjì ìgbì tó gùn jù. Fún MHz 500, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ tó máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kan nínú oòrùn láti àárọ̀. Bí wọ́n bá sì dín in kù, ìgbì tó gùn, tó mọ̀ ọ́n wọ ilẹ̀ jù, ni wọ́n máa pàdánù.

Ilẹ̀ pàápàá ò rọrùn. Amọ̀ tútù ń gbé ìgbì kúkúrú mì kó tó jìnnà. Nínú iyanrìn gbígbẹ, ìgbì ń kọjá wẹ́rẹ́, àmọ́ níbẹ̀, ike àti iyanrìn jọra lójú rédà, nítorí náà ìró tó padà á rẹlẹ̀. Áńtẹ́nà tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní iyanrìn Borno lè kùnà ní oko ìrẹsì Casamance.

Lóòótọ́, pátákó àti bàbà ò wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ áńtẹ́nà ló ń gba owó, ìyẹn ló sì ń dá ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí dúró nílẹ̀ Áfíríkà.

Ṣé ó ti dé oko?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Wọ́n dán ẹ̀rọ Minehound, tó so rédà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ irin, wò ní Angola, Bosnia àti Cambodia. Ẹgbẹ́ HALO Trust náà ti lo HSTAMIDS tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ irin á kọ́kọ́ dún, rédà á wá sọ bóyá ohun tó wà nísàlẹ̀ tóbi tó ado olóró, tàbí ìṣó lásán ni.

Àṣìṣe tó bá mú wọn gbẹ́ ìṣó kò ju kí àkókò ṣòfò lọ. Èyí tí wọ́n ń sá fún ni ọjọ́ tí rédà bá sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tí àgbẹ̀ sì gbé ọkọ́ rẹ̀ padà sóko.